Ẹ́ńjìnnì Tó Tẹ̀lé Owó Epo: Ìtàn Ọkọ̀ Báṣé ní Ìfọ̀nyìn

Ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣì ń rìn, tí wọ́n sì gbé ti bẹntiróòlù sí àyè rẹ̀, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti ba ọkọ̀ jẹ́. A ò lè bá a wí. Láti Èkó dé Kútọnu, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì ni ẹrù wíwúwo ń fẹ́: ó ń fà, kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó di pé wọ́n tú u palẹ̀. Síbẹ̀, ní ìhà Ìfọ̀nyìn, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Ifangni, àti lójú ọ̀nà tó ti Ìgòlò lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), bẹntiróòlù ló jọba fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dá láti máa jẹ dísẹ́ẹ̀lì sì wà lára àwọn tó foríbalẹ̀ fún un. Èrò mi ni pé ìṣirò ló fà á, àìmọ̀ kọ́. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wo iye tí ìjọba méjì fi lé epo, wọ́n wo irú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń tọ̀, wọ́n wo ẹni tó máa tún un ṣe bó bá kú sí àárín igbó, wọ́n wá fi sípánà dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ààlà tí òyìnbó fà ṣe wọ inú ayé àwọn ará Ìfọ̀nyìn, kó lọ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó la ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn sí méjì. Wọn ò bi onílẹ̀ léèrè. Ìfọ̀nyìn bọ́ sọ́wọ́ Faransé, àmọ́ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, tí orúkọ rẹ̀ ti ń wí fún wa ibi tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó ti ṣí wá, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ní ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí. Ìgòlò, tó wà lábẹ́ Ìfọ̀nyìn, kọjú sí Ìdí-Ìrókò bí ilé méjì ṣe ń kọjú síra nínú agbo ilé kan. Èdè ò yàtọ̀, mọ̀lẹ́bí ò yàtọ̀, ọjà tí wọ́n ń ná ò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni gbogbo ohun tó ń ti ọ́fíìsì ìjọba wá. Lápá kan, pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná, tó di náírà ní oṣù Kìíní 1973. Lápá kejì, owó CFA ni, èyí tí wọ́n ti so mọ́ owó Faransé láti 1945. Kódà ọwọ́ tí ọkọ̀ ń tọ̀ yàtọ̀. Ọwọ́ òsì ni Nàìjíríà ń tọ̀ títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, nígbà tí Dàhòmì, bí Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà, ń tọ ọ̀tún, awakọ̀ tó bá fẹ́ ti Ìgòlò wọ Ìdí-Ìrókò ní láti yí ọwọ́ padà lójú bodè. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí mò ń sọ ju bí àwọn òpìtàn ṣe máa ń kà á sí lọ. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ kan náà, tí sítiárìn rẹ̀ wà níbì kan náà, ti lè ṣiṣẹ́ lápá méjèèjì láìní àbùkù, súpéà-pátì rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà sì lè máa kọjá bí iyọ̀ àti gàrí ṣe ń kọjá.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù ni Peugeot. Báṣé ni wọ́n ń pe ti ẹlẹ́rù, láti inú ọ̀rọ̀ Faransé fún ọkọ̀ tí wọ́n ta táápólì bo ẹ̀yìn rẹ̀. 403 ló kọ́kọ́ ní irú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, ti 404 jáde ní 1967, ti 504 tẹ̀lé e ní 1979. Epo pupa, gàrí, àgbàdo, ewúrẹ́, ènìyàn tó jókòó lórí pákó lọ́tùn-ún lósì: báṣé ló ń kó o láti àwọn oko Sàkẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin tó ń gba ọ̀nà yẹn ti rẹ̀yìn. Peugeot ò fi ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lọ oníbàárà. Láti 1959 tí wọ́n ti fi dísẹ́ẹ̀lì sínú 403, ẹ́ńjìnnì tí Indenor, ilé-iṣẹ́ wọn ní Lille, ń ṣe ló ń wọ inú ọkọ̀ ẹni tó bá fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì. 404 bẹntiróòlù ní ẹ́ńjìnnì 1618 cc. Ti dísẹ́ẹ̀lì tó wá di olókìkí jẹ́ 1948 cc. Nígbà tí báṣé 504 jáde, oníbàárà lè mú bẹntiróòlù 1796 cc tàbí dísẹ́ẹ̀lì 2304 cc. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn: ara kan náà, férémù kan náà, ẹ̀mí méjì. Àwọn tó dá ọkọ̀ náà ló kọ́kọ́ fi hàn pé àyè iwájú rẹ̀ gba méjèèjì. Mẹkáníìkì tó yọ ọ̀kan tó fi èkejì sí i ò hùmọ̀ ohun tí kò sí rí. Ó kàn ń ṣe lẹ́yìn ogún ọdún ohun tí oníbàárà àkọ́kọ́ ì bá ti yàn nílé ìtajà ni.

Iṣẹ́ náà ò sì rọrùn bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣá iná. Afẹ́fẹ́ ló ń kì mọ́lẹ̀ pinpin, ìdá ogún sínú ìdá kan, títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná janjan. Nígbà náà ni pọ́ọ̀mpù á wá fi agbára tú epo sí i láti ẹnu nọ́súlù, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Èyí ni ohun tí Rudolf Diesel mú ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní 1897, nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí Nikolaus Otto ti ṣe ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ní 1876. Ti bẹntiróòlù ò ki afẹ́fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdá mẹ́jọ tàbí díẹ̀ lé ni; kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún un, púlọ́ọ̀gì ló ń ṣáná sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé bẹntiróòlù sí àyè dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wá kọ́ìlì, dísítíríbútọ̀ àti wáyà wọn, kó sì fà wọ́n láti ibi kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ti 404 àti 504 máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó tó ìwọ̀n dígírí 45, nítorí náà ìjókòó rẹ̀ lórí férémù ò bá ti dísẹ́ẹ̀lì mu; bí wọn ò bá rí ìjókòó gidi láti ara ọkọ̀ mìíràn, wẹ́dà ló máa jó irin fún un. Táńkì ń fẹ́ fífọ̀ dáadáa, nítorí ìsàlẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù máa ń mú kí kábúrétọ̀ kọṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, iwájú ọkọ̀ á sì ga díẹ̀ lórí sípíríǹgì tí wọ́n ṣe fún irin tó wúwo.

Ibi tó ṣe ẹlẹgẹ́ jù ni bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fa afẹ́fẹ́ gba ojú ihò tó há, fífà yẹn ló sì ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ bó bá tẹ bíréèkì. Dísẹ́ẹ̀lì ò ní irú fífà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi pọ́ọ̀mpù kékeré kan sí i lára tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí padà, pọ́ọ̀mpù yìí bá ti àtijọ́ lọ nìyẹn, wọ́n sì ní láti so rọ́bà bíréèkì mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì tuntun ti ń fa afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì tó bá gbàgbé rọ́bà yìí, tàbí tó so ó láìdì í le, ti gbé ẹ̀mí ènìyàn mẹ́wàá sórí pákó ẹ̀yìn báṣé tí kò ní tètè dúró. Gíá náà ń fẹ́ àròjinlẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ń fi agbára rẹ̀ hàn nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́, bẹntiróòlù ń fẹ́ kí wọ́n sá a kó tó gbé ẹrù. Bí gíábọ́ọ̀sì àti ìdí ọkọ̀ bá wà bí wọ́n ṣe wà, awakọ̀ ní láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́: kò lè fi gíá kẹta gun òkè pẹ̀lú ẹrù gàrí mọ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí kí ó lè hàn pé ẹni tó bá da irú làálàá bẹ́ẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀, èrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó làálàá náà.

Èrè náà wà lódì kejì bodè. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo rọ̀bì sókè òkun ní 1958, ilé ìfọpo Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1965, ti Warri ní 1978, ti Kàdúná ní 1980. Ìjọba àpapọ̀ gbà pé ó yẹ kí ọmọ onílẹ̀ jẹ àǹfààní epo náà, wọ́n sì ń di iye rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lítà bẹntiróòlù jẹ́ kọ́bọ̀ 15.3 ní 1978, ogún kọ́bọ̀ ní 1982, kọ́bọ̀ 39.5 ní 1986. Ẹni tó bá ka iye yìí lójú owó ìjọba nìkan ò ní rí ìtàn náà tán, nítorí ará Ìgòlò kì í lọ ra náírà ní báńkì. Ojú pópó ló ti ń rà á, níbi tí náírà ti ń já bọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí CFA dúró gbọnin lẹ́yìn owó Faransé, 50 sí ọ̀kan. Nítorí náà ni bẹntiróòlù Nàìjíríà fi di ohun tó pọ́ọ́kú ní ìlọ́po méjì: ìjọba ti dín in kù, náírà tún ti dín in kù sí i. Lápá Benin, SONACOP ti ìjọba ló ń ta epo tí wọ́n rà lókè òkun. Nígbà tó di 1988 àti 1989, báńkì Benin dojú dé, òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù púpọ̀ láìgba owó oṣù, àwọn ènìyàn tó ti ń fi kálámù jẹun sì jókòó ti ìgò epo lẹ́bàá ọ̀nà. Orúkọ tí wọ́n fún epo náà ni kpayo, ọ̀rọ̀ àwọn Gun fún ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Orúkọ náà bú u, ọjà rẹ̀ sì borí: kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú bẹntiróòlù tí gbogbo Benin ń lò.

Àtakò tó lágbára jù ni èyí: dísẹ́ẹ̀lì náà ń ti Nàìjíríà wá, ìjọba Nàìjíríà sì ti fìgbà kan ran òun náà lọ́wọ́. Kí ló dé tí wọn ò fi dísẹ́ẹ̀lì wọn sílẹ̀ kí wọ́n kàn máa ra dísẹ́ẹ̀lì fàyàwọ́? Ìdáhùn rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹni tó ń ta epo. Ẹ wo irú tábìlì bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Ìfọ̀nyìn: ìgò lítà kan-kan tò sórí pákó, epo inú wọn pọ́n bí oyin, àgbá dígí oníkùn ńlá jókòó sílẹ̀, pẹ̀lú àrọ tí wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹnu rẹ̀ kí ìdọ̀tí má baà wọlé. Ta ni oníbàárà ibẹ̀? Sẹmíjàn, ọlọ́kadà ti Benin, ni, ẹni tó ra lítà méjì tó ti lọ. Obìnrin tó ní ẹ̀rọ ìlọta ni, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ni. Bẹntiróòlù ni gbogbo wọn ń jẹ. Ọjà tí ènìyàn púpọ̀ ń rà díẹ̀díẹ̀ ló máa ń dé gbogbo abúlé. Dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ ti ọkọ̀ ńlá tó ń ra ọgọ́rùn-ún lítà lẹ́ẹ̀kan, ilé epo ló sì ń dúró sí. Báṣé tó bá gbẹ lọ́nà oko láàárín Daagbé àti Banigbé máa rí bẹntiróòlù ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ, ó di kí wọ́n wọ sẹmíjàn lọ wá a pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì.

Ohun kejì tó wà nínú ìdáhùn náà ni pé epo tó bá gba ọ̀nà fàyàwọ́ kì í mọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì ni ó ń gbà, inú táńkì Vespa tí wọ́n jó irin kún títí tó fi di àgbá, inú ọkọ̀ ojú omi lálẹ́, láti ọwọ́ dé ọwọ́. Omi ń wọ̀ ọ́, iyanrìn ń wọ̀ ọ́, kẹrosíìnì náà ń wọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ oníwọ̀ra. Kábúrétọ̀ fara da gbogbo èyí. Bó bá dí, ọmọ iṣẹ́ tó ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá lè tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, kó tò ó padà, ọkọ̀ á tún gbéra. Pọ́ọ̀mpù dísẹ́ẹ̀lì ò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Irin inú rẹ̀ wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí irun orí ò lè gbà á kọjá, epo tó ń gba inú rẹ̀ ló sì ń fi ra ara; ẹ̀kán omi díẹ̀ tó láti jẹ ẹ́. Bó bá bàjẹ́, ìlú ńlá ni wọ́n ti ń tún un ṣe, lọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn nọ́súlù, owó rẹ̀ sì lè tó kí wọ́n fi ra odindi ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tòkunbọ̀. Níbi yìí ni mo ti gbà pé ìyípadà náà bọ́gbọ́n mu. Ẹ́ńjìnnì tó dára jù ní Lille, níbi tí epo ti mọ́ bí omi orísun, kì í ṣe òun náà ló dára jù fún ẹni tó ń ra epo nínú ìgò.

Àwọn kan á sì ní, bó ti wù kó rí, dísẹ́ẹ̀lì kì í jẹ epo púpọ̀, èrè rẹ̀ máa farahàn bópẹ́ bóyá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní báṣé dísẹ́ẹ̀lì ń jẹ lítà mẹ́sàn-án ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí ti bẹntiróòlù ń jẹ lítà méjìlá fún ẹrù kan náà. Bí lítà méjèèjì bá jẹ́ iye kan náà, dísẹ́ẹ̀lì ló borí, kò sí iyàn. Àmọ́ bí bẹntiróòlù bá ti rẹlẹ̀ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iye dísẹ́ẹ̀lì, àǹfààní náà ti kọjá sódì kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kpayo rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lójú iye tí ilé epo ń ta. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ wá fẹ àlàfo náà sí i nígbà tó fi dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún ọjà, tó sì ṣì ń fi owó ìjọba gbé bẹntiróòlù dúró. Ní àárín 2022, lítà dísẹ́ẹ̀lì ní Nàìjíríà ti kọjá 700 náírà nígbà tí ti bẹntiróòlù ò tíì tó 200. Ìṣirò tí mo ṣe yìí, awakọ̀ tí kò ka ìwé ń ṣe é lórí ìka rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí òun ló ń san owó náà láti inú àpò ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí káàkiri ayé. Iye tí ìjọba fi lé epo ló ń yan ẹ́ńjìnnì fún ènìyàn. Ní Faransé, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí dísẹ́ẹ̀lì kéré sí ti bẹntiróòlù fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún, ìdí sì nìyí tí orílẹ̀-èdè náà fi kún fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, tí Peugeot sì di ọ̀gá nínú ṣíṣe wọn. Dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú báṣé tó wá sí Benin, òfin owó orí Paris wà lára ohun tó bí i. Ti Amẹ́ríkà tilẹ̀ sún mọ́ tiwa jù. Ní 1978, General Motors gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì V8 ti Oldsmobile, lítà 5.7, jáde, wọ́n sì fi sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré Chevrolet àti GMC pẹ̀lú. Wọn ò fi ohun tó ń ya omi kúrò lára epo sí i, bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú ò sì lágbára tó fún ìkìmọ́lẹ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Omi jẹ pọ́ọ̀mpù, orí ẹ́ńjìnnì ṣí, àwọn oníbàárà kẹ́jọ́, wọ́n sì pa á tì ní 1985. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ náà fi V8 bẹntiróòlù rọ́pò rẹ̀, ìrọ̀rùn rẹ̀ sì ni pé ara ìdílé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù Oldsmobile ni wọ́n ti dá a, ìjókòó wọn bára mu. Kò sẹ́ni tó pe àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn ní aláìmọ̀kan. Kò yẹ kí wọ́n pe ti Ìfọ̀nyìn bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé, bí bodè bá tì ńkọ́? Ó ti tì rí. Láti oṣù Kẹrin 1984, nígbà tí ìjọba Buhari ń pààrọ̀ owó náírà, títí di 1986, Nàìjíríà ti ẹnu bodè rẹ̀ pa. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ó tún ti i. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó wà láàárín ogún kìlómítà sí ààlà mọ́, Ìdí-Ìrókò ò sì rí àṣẹ ìṣísílẹ̀ gbà títí di oṣù Kẹrin 2022. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń tẹ̀lé iye epo, ó yẹ kí gbogbo báṣé ti padà sí dísẹ́ẹ̀lì láàárín àwọn ọdún yẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹnu bodè ni wọ́n tì. Igbó, ọ̀pẹ àti àgbàlá ilé tó jókòó lé ààlà ṣì wà níbẹ̀. Epo wọ́n, àmọ́ ó ń kọjá. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe fìlà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé. Ẹni tó ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti náwó, mẹkáníìkì rẹ̀ ti mọ ọ̀nà rẹ̀, súpéà rẹ̀ sì ti pọ̀ nítòsí, nítorí láti 1975 tí ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ti ń to ọkọ̀, 504 bẹntiróòlù ti kún ojú títì Nàìjíríà, bí wọ́n sì ti ń gbó ni ẹ̀yà ara wọn ń wọ ọjà àlòkù. Iye epo ló yan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ náà ló mú un dúró.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń yin fàyàwọ́. Owó tí ìjọba Benin ì bá fi la ọ̀nà gba abẹ́ tábìlì kpayo lọ. Owó tí Nàìjíríà fi ran epo lọ́wọ́ kì bá ti ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bẹntiróòlù sì ń pa ènìyàn ní ọ̀nà tí dísẹ́ẹ̀lì kì í gbà pa wọ́n: òórùn rẹ̀ nìkan tó láti gbiná, dísẹ́ẹ̀lì sì máa ń lọ́ra kó tó ràn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2023, ibi tí wọ́n ń kó epo fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Kraké, lẹ́bàá bodè, gbiná, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìtàn epo yìí gbọ́dọ̀ ka ikú wọn mọ́ iye lítà kan. Ẹ̀bi náà, níbi tí mo wò ó dé, ò sí lọ́rùn mẹkáníìkì tó gbé ẹ́ńjìnnì. Àwọn olú ìlú méjì ló fi iye méjì lé ohun kan náà, lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n sì retí pé kí ó má ṣàn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye kpayo ní Benin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àwọn tí kì í yà sí ilé epo rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbẹ̀. Ohun tó ti gbé bẹntiróòlù lékè fún ogójì ọdún ti yẹ̀. Ẹni tó bá ní báṣé tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí ní láti jókòó tún ìṣirò náà ṣe, kò sì ní yà mí lẹ́nu bí mo bá gbọ́ pé dísẹ́ẹ̀lì ti ń padà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì Indenor gidi ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn pọ́ọ̀mpù rẹ̀ náà sì ti ń dàgbà.

Àmì iṣẹ́ náà ṣì wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń wò. Iwájú rẹ̀ ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀. Ihò kan wà lára páànù tó ya ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà dí, níbi tí wáyà àtijọ́ ti gbà wọlé. Lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún awakọ̀, ọwọ́ ìfà kékeré kan tún wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kì í pa ọ̀pọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́. Wọ́n ní láti fa ọwọ́ yìí kí epo tó dá lẹ́nu pọ́ọ̀mpù. Pọ́ọ̀mpù ti lọ. Ọwọ́ ìfà náà ṣì ń wọlé, ó ń jáde, wáyà rẹ̀ sì ń rọ̀ dirodiro lódì kejì páànù láìso mọ́ nǹkan kan.